Etí Tí Mo Fi Ń Gbọ́ Ẹ́ńjìnnì

Alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì wa, Alhaji Ọlátúnjí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó síwájú, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin oníbàárà mi láti Alájùẹ́ títí dé Awo, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àdúrótì.

Òní ni mo fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe nílùú Ẹdẹ yìí, mo sì fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì wọn dọ́ba. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, gbogbo ara rẹ̀ lẹ ó rí. Sípánà méjì àti wáyà lè gbé yín délé. Lóòótọ́, epo tó ń mu pọ̀ jù, ó ń rú èéfín, ẹ sì lè wá páàtì rẹ̀ dé Ìbàdàn kẹ́ ẹ má rí i. Ṣùgbọ́n kò ní kú láìkọ́kọ́ sọ fún yín. Ta ni mi ò kọ́ níbí? Ẹnu sukudiráfà lára ẹ́ńjìnnì, ìdí rẹ̀ létí, kẹ́ ẹ máa gbọ́.

Fawziyah, oníbàárà mi tó dà bí ọmọ, dìde kí wọ́n rí ọ. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé ọkọ̀ ìjàpá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ wá. Mo fi sukudiráfà sétí, mo ní, "Ẹ́ńjìnnì yìí dákẹ́ jẹ́ẹ́, máa lọ." Kò tíì dé Awo tí ẹ́ńjìnnì náà fi nọ́ọ̀kì. Ẹ́ńjìnnì ò dákẹ́ rárá, ẹ̀yin èèyàn mi. Etí mi ló ti di. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì ní epo búburú ni ó rà. Irọ́ ni mo pa. Fawziyah, dárí jì mí.

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò tètè fura? Àwáwù ìyàwó mi ni ì bá sọ fún mi. Òun ló máa ń pariwo láti ilé ìdáná pé, "Bàbá Naimat, ẹ yí rédíò yẹn wálẹ̀!" Ọdún mẹ́ta rèé tó ti kú. Naimat wà lókè òkun. Kò sẹ́ni tí rédíò mi ń dí lọ́wọ́ mọ́, ó sì ń dùn mí.

Mo kó gbogbo irinṣẹ́ mi fún ẹgbẹ́, àfi sukudiráfà yẹn. Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín, á dá etí yín sí, kò ní fi ẹni tó máa bá yín sọ̀rọ̀ nílé dù yín. Ohun kan ni mo tọrọ. Tẹ́ ẹ bá kágò lẹ́nu ọ̀nà mi, tẹ́ ẹ ò gbọ́ kí n ní àgò yà, ẹ má pẹ̀yìn dà. Mo wà nínú ilé. Ẹ ṣílẹ̀kùn, kẹ́ ẹ wọlé wá bá mi. Ẹ ṣé o.