Ajorí-tirun-tirun Ni Olúwa Fi Là Mí Lójú

Òkun o, ẹ̀yin ará Kàbbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó jẹ́ kí n rí ojú gbogbo yín láàárọ̀ yìí, àtèyí tó wuni í wò àtèyí tí kò wuni. Halelúyà!

Orí ewúrẹ́ ni mò ń tà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Mọ̀pà kan láti ọsibítù míṣọ́n a máa wá rà á lọ́jọ́ọjọ́ ọjà. "Ìyá, ẹ má wi í nínú iná o." Ta ní ń jẹ orí pẹ̀lú irun? Mo sọ ọ́ ní Ajorí-tirun-tirun, gbogbo ọjà sì gbà á. Ìgbà kan mo dọ́gbọ́n fún un ní èyí tí iná ti kàn. Ó dá a padà!

Ìgbà tó yá, nǹkan funfun bo ẹyinjú mi. Mo kúnlẹ̀ kí ewúrẹ́ kan, mo ní, "Òkun o, Ìyá Ìjọ." Ìyá Ìjọ, ẹ má bínú. Ọjọ́ tí mo gé ìka ara mi dípò etí ẹran ni mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Opó tó ń fi ọ̀bẹ jẹun, bí kò bá ríran, kí ló kù? Mo ní, "Olúwa, fi mí lé ọwọ́ tó mọṣẹ́."

Lọ́rì gbé mi dé ọsibítù. Dókítà òyìnbó ní akẹ́kọ̀ọ́ òun ni yóò là mí lójú, òun yóò dúró tì í. Mo fò dìde.

"Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ̀? Ojú ta ló fi kọ́ ọ?"

"Ojú ewúrẹ́ yín ni, Ìyá. Èyí tí iná bá ti kàn kò ṣe é gé, kò ṣe é rán."

Yéè! Ohùn Ajorí-tirun-tirun ni! Ọwọ́ tí mo tọrọ, ọjà mi ni Olúwa ti ń fi kọ́ ọ, èmi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́! Mo dùbúlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Nígbà tó ṣe é tán, ó di ojú mi, ó fi àpò iyanrìn há orí mi lọ́tùn-ún lósì. N kò gbọdọ̀ wúkọ́, n kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, kí ojú tó rán má bàa tú. Èmi! Bí mo bá ti rántí irun ewúrẹ́, ẹ̀rín á dé ọ̀fun. Mo ní, "Ìwọ tó dí kìnnìún lẹ́nu, dí tèmi." Ó dí i o!

Lọ́jọ́ tó tú aṣọ náà, ó gbé awò ojú tó nípọn kan kọ́ mi létí. Ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, ó sì dára ju gbogbo orí tí mo tà fún un lọ.

Ó ní, "Ìyá, ẹ lè rẹ́rìn-ín wàyí."

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rín tí mo fi pamọ́ lórí ibùsùn yẹn kò tíì tán. Ẹ dìde, ẹ bá mi rín in, kí ògo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run!