Ọjọ́ Tí Mo Gbé Omi Àdúrà Dé Ìdí Alumíníọ̀mù Yíyọ́

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, Ọlọ́run tó mú èmi tí mo ṣe ìdánwò Maths lẹ́ẹ̀mẹta dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe science, ṣé kò tó ká dúpẹ́ fún Un? Baba, mo dúpẹ́ o!

Ilé iṣẹ́ kan ní River Road ló gbà mí fún trial. Alumíníọ̀mù la máa ń yọ́ níbẹ̀, a ó dà á, á di ẹ̀yà mọ́tò. Bó bá ṣe ń tutù ló ń di hóró-hóró nínú. Tí hóró yẹn bá tóbi bíi gaàrí tí wọn ò jọ̀, irin náà á tètè ṣẹ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ti ọ̀pá kan bọ inú ẹ̀ nígbà tó ṣì yọ́. Iná mànàmáná á máa gbọn ọ̀pá náà, ó yára débi pé etí ò lè gbọ́ ohùn ẹ̀, hóró yẹn á wá kúnná.

Ah-ah! Ohùn tí mi ò gbọ́, báwo ló ṣe ń tún irin ṣe? Mo da ìbéèrè bo supervisor mi, Alhaji, ará Abẹ́òkúta, títí wọ́n fi ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ ń gbọ̀n ju ọ̀pá yìí lọ!”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dán an wò, ẹ̀ẹ̀mejì ló bàjẹ́. Alhaji ní Friday ni ìkẹyìn, tí hóró mi ò bá kúnná, kí n máa lọ sílé. Màámi bá gbé omi àdúrà fún mi, wọ́n ní kí n fi wọ́n ìdí ẹ̀rọ. Èmi olóye, mo ki ìgò ẹ̀ bọ àpò.

Friday, alumíníọ̀mù ti yọ́, ó ń dán bíi dígí. Mo ní, “Jésù, ràn mí lọ́wọ́.” Mo ṣí ìgò. Ìbéèrè kan ṣáà yọ lẹ́nu mi: “Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, tí omi bá kán sínú ẹ̀ ńkọ́?”

Bàbá yìí fò! “Omi kẹ̀? Á bú gbàù sí wa lójú! Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ?”

“Omi àdúrà ni, sà.”

“Jáde! Lọ mu ún tán níta!”

Màámi, ẹ má bínú, mi ò tíì sọ fún yín tẹ́lẹ̀.

Níta níbẹ̀, bí mo ṣe ń mu ún ni mò ń gbàdúrà. Ó wá sọ sí mi lọ́kàn: ìgbà wo lo máa ń yọ ọ̀pá yẹn? Ye! Ẹ̀rù ooru máa ń bà mí, mo máa ń yọ ọ́ kí irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù rárá. Hóró ò tíì yọjú, èmi ti sá!

Mo padà wọlé. Mo jẹ́ kí ọ̀pá wà níbẹ̀ títí ooru fi wálẹ̀, tó kù díẹ̀ kó máa dì, ká tó dà á. Nígbà tó tutù, a rẹ́ ẹ, a ha á títí ó fi dán, a fi ásíìdì nù ún kí hóró lè hàn síta. Hóró náà kúnná bíi èlùbọ́! Alhaji wò ó, wọ́n tún wò ó.

“Iṣẹ́ ti di tìẹ. Wá ní Monday.”

“Alhaji, kí ló fà á tí—”

“Monday, mo ní!”

Ẹ̀yin ará, ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rèé, ẹ kà á. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí ẹnu ojo bíi tèmi, tó sì fi ìbéèrè kan ṣoṣo nínú ẹ̀ yọ mí lọ́wọ́ ikú. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Un! Halleluyah!