Ọ̀la La Ń Lọ

Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Ugbowo ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá kan tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sínú ògbólógbòó bọ́ọ̀sì rẹ̀.

Mẹkáníìkì ní, "Bàbá, táǹkì yín ti dógùn-ún. Rọ́bà epo ti sán, ó ń kán sórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ má gbé e lọ sí Ìkàrẹ́, ó lè gbiná."

"Bá mi pààrọ̀ méjèèjì."

"Mo wá irú táǹkì yìí títí, sà. Wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́."

"Ìyàwó mi ò lè jókòó mọ́. Mọ́tò wo ló máa gbé e ní ìdùbúlẹ̀? Ó ní ilé bàbá òun ní Ìkàrẹ́ lòun fẹ́ kú sí."

Mẹkáníìkì ò dá kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì padà fún un.

Bàbá náà rọra sọ pé, "Mo ti sọ fún un pé ọ̀la la ń lọ. Wọ́n ń bá a dirun lọ́wọ́ báyìí."