Nígbà Tí Omi Ewé Gbẹ Mọ́ Inú Ọ̀pá Gíláàsì

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run tó fi oògùn sínú ewé ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀ lónìí.

Ẹ óò rántí Sọ́ńdè tí ọyẹ́ mú gan-an yẹn. Ní Jikwoyi níbi tí à ń gbé, a kò rí òkè kankan láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú ọ̀run funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i, ètè mi sì ti bẹ́ kí n tó wẹ̀ tán. Ọmọ ọmọ mi, Bùkọ́lá, ti jáde lọ sí láàbù ní yunifásítì.

Iṣẹ́ másítà rẹ̀ nìyí, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Igi kan wà ní Mpape tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń fi ewé rẹ̀ wẹ egbò. Bùkọ́lá sá ewé náà níbòòji, ó gún un, ó rẹ ẹ́, ó jẹ́ kí omi rẹ̀ fà títí ó fi ki. Nǹkan pọ̀ nínú omi ewé yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni ọ̀gá rẹ̀ sì ní kó yọ jáde. Ó di lẹ́búlẹ́bú funfun sínú ọ̀pá gíláàsì gígùn kan tó ní ẹ̀rọ kékeré nídìí tí à ń ṣí tí à ń tì bíi ti omi, ó da omi ewé lé e, ó wá ń fi omi kẹ́míkà tì í sísàlẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni àwọ̀ á máa pín: yẹ́lò á ṣáájú, gíríìnì á tẹ̀ lé e, kálukú á bọ́ sínú ìgò tirẹ̀. Yẹ́lò yẹn ni ọ̀gá ń fẹ́. Fúráìdè ni ọ̀gá dá fún un. Bí kò bá rí i yọ, ó di ọdún mìíràn. Àwọn tó ń fọ́ òkúta sì ti gé igi náà. Èyí tó wà nínú ọ̀pá yẹn ló kù.

Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Mo gbọ́ pé pásítọ̀ fẹ́ gbàdúrà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo pe Bùkọ́lá lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní iṣẹ́ yìí ò ṣe é fi sílẹ̀. Mo ní ṣé kẹ́míkà ló dá a ni. Ọmọ náà ti ẹ̀rọ, ó sáré wá. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ò tì dáadáa.

Lẹ́yìn ìsìn, mo gbé oúnjẹ dání tẹ̀ lé e padà. Omi ti kán tán. Lẹ́búlẹ́bú yẹn ti gbẹ, ó sán bí gìgísẹ̀ nínú ọyẹ́, yẹ́lò àti gíríìnì ti dàrú mọ́ra. Bùkọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Grandma, mo ti spoil everything." Kò bá mi wí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo gbàdúrà ní ìdúró, kò gùn. Mo ní Olúwa, èmi ni mo pè é, má jẹ́ kí ọmọ yìí ru ẹrù mi. Bí mo ṣe lajú, ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn. Ọṣẹ dúdú ló ń ṣe n'Ísẹ́yìn. Ìkòkò tí a lu nídìí la máa ń di eérú sí, a ó máa da omi lé e kó máa kán. Bí eérú bá gbẹ tó sán, ojú ibi tó sán ni omi máa gbà kọjá lásán. Ìyá mi kì í da eérú náà nù. Á kó o jáde, á fi omi pò ó, á tún un dì.

Mo bi Bùkọ́lá pé, "Oògùn inú ewé yẹn dà? Ṣé ó fò lọ ni?"

"Rárá, Grandma, ó ṣì wà inside powder yẹn."

"Bó bá wà níbẹ̀, fọ̀ ọ́ jáde."

Ó wò mí. Ó nu ojú. Ó ní omi kẹ́míkà kan wà tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó lè fọ̀ ọ́ jáde, àmọ́ díẹ̀ á ṣòfò. Mo ní díẹ̀ kì í ṣe gbogbo ẹ̀.

Ó fọ̀ ọ́. Ní Mọ́ńdè ó po lẹ́búlẹ́bú tuntun bí ògì, ó rọra ń dà á, mo ní kó máa gbá ìhà ọ̀pá náà jẹ́jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde. Ó tún da omi ewé tó fọ̀ jáde lé e, mo gbé àpótí tì í, mo ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Ó di Wẹ́sìdeè kí yẹ́lò tó kúrò lára gíríìnì. Ní Tọ́sìdeè ó kán yẹ́lò náà sí pátákó funfun kékeré tí wọ́n fi ń dán an wò. Bí nǹkan méjì bá wà níbẹ̀, àmì méjì ni yóò yọ. Ẹyọ kan ló yọ. Kai, mo jó nínú láàbù yẹn.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún Un. Kò jẹ́ kí àṣìṣe arúgbó gba ọdún kan lọ́wọ́ ọmọdé. Tirẹ̀ ni ògo.

Lọ́jọ́ kejì, Fúráìdè, omi rẹ̀ ti gbẹ tán, a jọ lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀. Ìyẹ̀fun yẹ́lò inú ìgò náà kò ju iyọ̀ tí ènìyàn fi ìka méjì bù lọ. Bùkọ́lá ní èmi ni kí n gbé e. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú láti láàbù dé iwájú tábìlì, mo gbé e kalẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹyọ kan náà rèé." Wọ́n ní kí n jókòó. Ìgbà tí wọ́n buwọ́ lùwé ọmọ náà tán ni mo tó jókòó.