Ìran Tí Mo Rí Nítorí Àbẹ̀kẹ́ Tí Ilé-Ìwé Wa Kọ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, inú ló ń bí mi tí mo fi dìde. Ẹ mọ Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí ilé-ìwé ìjọ wa yìí kọ̀ ọ́, tí wọ́n ní àwọn òbí yòókù kò fẹ́ kó jókòó ti ọmọ wọn, mo gbààwẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo parí rẹ̀, bí mo ṣe ṣe àmín lórí ẹní ni oorun gbé mi lọ.

Obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun di ọwọ́ mi mú, ó mú mi dé ibi tí ooru ti ń bó ènìyàn lára. Mo rí ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ń fi àyà wọ́ gun àtẹ̀gùn gbígbóná, awọ ọwọ́ rẹ̀ ń ṣí, ó ń gòkè, ó ń gòkè, bó bá sì kan ilẹ̀kùn tó wà lókè, ohùn kan á wí láti inú pé, “Kò sí àyè fún irú yín níbí,” á yí gbirigbiri padà sísàlẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ sá, obìnrin náà kò jẹ́ kí n sá.

Obìnrin náà ní nígbà tí ọkùnrin yìí wà láyé, ó lé ọmọ arọ dànù, ó ní òun kò lè torí ẹnì kan tún ẹnu ọ̀nà ṣe.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni olùkọ́ tó máa ń sín ọmọ odi jẹ lójú kíláàsì. Ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ohùn kò jáde, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, àwọn tó gbé omi ń kọjá, wọn kò wò ó.

A kúrò níbẹ̀, a dé ibi tútù kan. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Mo rí Ìyá Ṣadé olùkọ́, olóògbé, tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ láyé pé ó ń fi ọwọ́ bá odi sọ̀rọ̀. Ara tù ú. Àwọn ọmọ tí ayé lé yí i ká. Ọmọ kan ń wá ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, gbogbo wọn dákẹ́ dè é. Ìyá Ṣadé bi mí pé kí ni Àbẹ̀kẹ́ ń kọ́ báyìí. Mo sunkún.

Bí a ti ń padà, mo rí àtẹ̀gùn mìíràn, iná ń jó lábẹ́ rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Mo bèèrè ẹni tó ni ín.

Ó ní, “Ó ṣì ń jókòó nínú ìjọ yín.”

Mo jí, òógùn bò mí. Ẹ má wolẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ má sọ pé kí n ní sùúrù. Ẹ má gbàdúrà pé kí Àbẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ rìn kẹ́ ẹ tó gbà á. Ọjọ́ Ajé ni ilé-ìwé ń wọlé. Màá pọ̀n ọ́n wá. Ẹni tó bá fẹ́ dí ẹnu ọ̀nà, kó dí i. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń dáná dè é.