Géèjì Tí Mo Fi Purọ́ fún Bọ̀dá Mi

Ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti bí ọdún kan, òní ni mo fẹ́ pọ̀ ọ́ síta kí n lè rí itọ́ gbé mì. Èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Sípánà, tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí mo máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé ọwọ́ mi ò ba ọkọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́ rí, irọ́ ni mo ń pa. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nítorí òkúta inú òróòro. Bí wọ́n ṣe fẹ́ fún mi ní oògùn oorun, nọ́ọ̀sì ní kí n ronú kan ohun tó dùn mọ́ mi. Ẹ gbà mí! Ọmọ kọ́ ni mo rí, ọkọ kọ́ ni mo rí. Abẹ́rẹ́ pupa inú géèjì kan ni mo rí, tó ń mì sí mi bí ìka olùkọ́. Mo ní, "Olúwa, bí mo bá fi lè jí, màá jẹ́wọ́." Mo jí. Àdéhùn ò ṣe é yẹ̀.

Bọ̀dá mi, ẹni tí mo tẹ̀lé lọ́mọ ìyá, ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ omi fún ọdún márùndínlógójì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo àwọn géèjì tó ń sọ bí omi ṣe ń fi agbára rìn nínú páìpù. Lójú Bọ̀dá, ènìyàn lè purọ́, rédíò lè purọ́, géèjì kì í purọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ọkọ̀ onítọ́bò. Tọ́bò yìí, fáànù kékeré ni, tó máa ń fún ẹ́ńjìnnì ní atẹ́gùn kún atẹ́gùn, kí ọkọ̀ lè gun òkè bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí géèjì tó ń sọ bí tọ́bò ṣe ń fẹ́ tó nínú ọkọ̀ náà, èyí sì ń jẹ Bọ̀dá lọ́kàn. Lọ́jọ́ kan, ó gbé géèjì tuntun wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nínú páálí, ó gbá a mọ́ra bí ọmọ ìkókó. Ó ní, "Àbúrò, bá mi fi í sí i. Mi ò lè máa wa ohun tí mi ò mọ bó ṣe ń mí." Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ lọ jókòó. Kí ẹ tó ka ìwé ìròyìn yín tán, ó ti parí." Ẹnu mi yìí, ẹnu tí kì í dákẹ́!

Iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ń dùn. Mo gba ihò tí wáyà ń gbà wọ inú ọkọ̀, mo fa rọ́bà tín-ín-rín láti ara ẹ́ńjìnnì wá sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, rewáyà mi, oníná ọkọ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́, sì ń so iná tí yóò máa tàn nínú géèjì. Ó wá ku ibì kan ṣoṣo, abẹ́ rọ́bà ńlá tó ń gbé atẹ́gùn tọ́bò lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà náà ti gbó, ó ti gan. Ó yẹ kí n tú kílíìpù rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èmi ọ̀gá, èmi tí mo ti mọ̀ ọ́n ṣe jù, mo fà á. Ó dún fàà! Ó ya lábẹ́, ó gùn tó ìka. Rewáyà wò mí, ó ní, "Màámi, ó ti ya o." Mo ní, "Ṣé mo fọ́jú ni?" Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ fún Bàbá, ká ra òmíràn lọ́la." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n lásìkò yẹn gan-an ni mò ń gbọ́ ohùn Bọ̀dá lábẹ́ ibòòji, tó ń sọ fún àwọn oníbàárà, "Àbúrò mi nìyẹn! Ọwọ́ rẹ̀ ò ba nǹkan jẹ́ rí." Ìyìn ló kó bá mi. Mo fi téèpù wé rọ́bà náà, mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

A gbé ọkọ̀ jáde láti dán an wò. Abẹ́rẹ́ gòkè dé ìdajì, ó dúró, nítorí atẹ́gùn ń jò lábẹ́ téèpù. Bọ̀dá lejú. "Ìwé tó bá a wá ní ó yẹ kó kọjá ibí yìí." Mo ní sùkúrù kan ló dẹ̀, kó fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀yin èèyàn mi, apá kékeré kan wà nínú géèjì, òun ló ń pinnu bí abẹ́rẹ́ yóò ṣe rìn jìnnà tó. Bí èèyàn bá sún un díẹ̀, abẹ́rẹ́ á ṣì máa padà sí òdo bí ọkọ̀ bá sinmi, ṣùgbọ́n bó bá ti ń gòkè, á máa sáré ṣíwájú òótọ́. Ta ló kọ́ mi? Bọ̀dá ni! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tó tú géèjì sórí tábìlì ìyá wa, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń tún èyí tó bá ń ṣìnà ṣe. Ìmọ̀ tó fún mi ni mo fi rẹ́ ẹ jẹ. Rewáyà tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lọ́wọ́, ó ń sọ pé, "Màámi, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀ o." Ọwọ́ ta ló wá di tọ́ọ̀ṣì mú?

Nígbà tí abẹ́rẹ́ fò sókè lẹ́ẹ̀kejì, Bọ̀dá pàtẹ́wọ́. Àmọ́ rọ́bà tó ya ò gbọ́ ẹ̀tàn. Ọkọ̀ náà ò lè gun òkè ilé ìwòsàn mọ́. Ṣe ló ń wọ́ bí ìgbín. Bọ̀dá á wo géèjì, géèjì á ní agbára wà. Tí agbára bá wà lára ọkọ̀, tí ọkọ̀ ò sì lọ, ta ló jẹ̀bi? Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀gbọ́n yín ní ẹsẹ̀ òun ò lágbára láti tẹ tọ́tù ọkọ̀ mọ́." Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Kó tó tó oṣù kan, Bọ̀dá ti ra ọ̀pá ìtìlẹ̀, ó ti forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn arúgbó ní eré ìdárayá ẹsẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ká ṣòkòtò sókè. "Àbúrò, wò mí dáadáa. Ṣé ẹsẹ̀ yìí ti ń gbẹ ni?" Ọlọ́run ló ṣílẹ̀kùn yẹn fún mi, pé kí n wọlé kí n jẹ́wọ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ọjọ́ orí ni. Gbogbo wa là ń lọ síbẹ̀." Ó mi orí, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́. "Máa bá mi gbé e jáde, kó má baà dógùn-ún."

Lọ́jọ́ kejì, mo ra rọ́bà tuntun, mo pààrọ̀ rẹ̀, mo dá apá géèjì padà sí ipò rẹ̀. Kò gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ọkọ̀ di ẹṣin! Ó yẹ kí n pe Bọ̀dá. Mi ò pè é. Ta ni màá sọ pé ó bà á jẹ́? Kí n má purọ́ kún irọ́, ọkọ̀ náà tún dùn ún wà. Mo ń gbé e lọ ra tòmátì níbi tí ohùn mi lè dé láti ilé. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jayé orí ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń gun òkè ilé ìwòsàn, mo ya bọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ fíà! Nírọ̀lẹ́, Bọ̀dá dé, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Inú bọ́ọ̀sì yẹn ni mo wà! Mo ní kí gbogbo wọn wò ó, pé ọkọ̀ mi nìyẹn, àbúrò mi ló ń wà á, ẹ wo ẹsẹ̀ ọ̀dọ́!" Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bọ̀dá." Nígbà tó fẹ́ dìde, ó wá ọ̀pá rẹ̀, ó di etí tábìlì mú, ó rọra gbéra. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, "Ẹ ṣeun" yẹn ló burú jù.

Nígbà tí ojú abẹ mi jinná, mo gbé ọkọ̀ náà, ó di iwájú Bọ̀dá. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó látòkèdélẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Apá kékeré inú rẹ̀?" "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." "Èyí tí mo kọ́ ọ?" "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Bọ̀dá ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde láì mú ọ̀pá. "Kọ́kọ́rọ́ dà?" Òun ló wa ọkọ̀, mo jókòó tì í bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń mú lọ tà. Ó tẹ tọ́tù, abẹ́rẹ́ gòkè, ọkọ̀ náà gun òkè ilé ìwòsàn. Lórí òkè, ó dúró. Ó ní, "Mo rò pé mo ti ń kú díẹ̀díẹ̀ ni." Mo bú sẹ́kún. Kí n tó nu ojú tán, ẹ̀rín ti gbé òun lọ. "Ìyà rẹ ni pé kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, kí gbogbo ẹni tó ń gbé ọkọ̀ wá máa kà á. Má sì yọ rewáyà sílẹ̀!" Rewáyà bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́ pé tọ́ọ̀ṣì nìkan lòun tàn. Ó dáa, mo ti kọ ọ́.

Bọ̀dá mi, ní gbangba, níwájú oníbàárà àti alájọṣe, ẹ forí jì mí. Eré ẹsẹ̀ oṣù mẹ́jọ yẹn ti sọ ẹsẹ̀ yín di irin, débi pé eré tí ẹ ń sá ń mú ìyàwó yín pariwo nínú ọkọ̀ báyìí. Mi ò ní gba ọpẹ́ ìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, rọ́bà tó ya, wọ́n ń tà á. Ẹ ò lè rí ọkàn ẹ̀gbọ́n yín rà níbi kankan. Bí ọwọ́ yín bá ba nǹkan jẹ́, ẹ tètè pariwo ara yín, kí ọ́ìlì tó gbẹ mọ́ yín lọ́wọ́.