Oúnjẹ tí Keiko Gbé Wá sí Ìsọmọlórúkọ Tọ́lá

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbé mi gun àtẹ̀gùn, tí mo ń fọṣọ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Smyrna, l'Amẹ́ríkà níbí… ẹ gbọ́, súṣì, ìrẹsì àwọn ará Japan tí wọ́n ń fi ẹja tí wọn ò sè sí, tí ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí ń wakọ̀ lọ rà lónìí, nínú àwa, ta ló fẹ́ fojú rí i nígbà náà?

Keiko la jọ ń fọṣọ. Ará Japan ni, àgbà ni bíi tèmi. Nígbà tí wọ́n bí Tọ́lá ọmọ ọmọ mi yìí, mo pè é síbi ìsọmọlórúkọ nílé wa ní Stone Mountain. Ó ní, "Ṣé àwọn èèyàn rẹ máa ń jẹ ẹja tí wọn ò sè?" Mo ní wọn kì í jẹ ẹ́. Ó ní kò burú, òun á ṣe súṣì tí kò lẹ́ja.

Ó sì ṣe é. Ó di ìrẹsì sínú tófù díndín, ìyẹn wàrà sóyà, ó rí bí àpò kékeré, ínárì ló ń pè é. Ó fi ìrẹsì àti ewé inú òkun wé kùkúńbà. Ó tún tẹ ìrẹsì mọ́nú àpótí igi, ó to olú sí i lórí, ó wá gé e.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Aunty… kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere… ó wo àwo náà. Ó ní, "Ẹja tí wọn ò sè ni. Kẹ́nikẹ́ni má fẹnu kàn án."

Mo ní, "Aunty, kò sẹ́ja níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò."

"Ìwọ jẹ ẹ́."

Mo jẹ ẹ́. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ kú. Ẹnì kankan ò bá mi jẹ ẹ́.

Nígbà tí Keiko fẹ́ máa lọ, ó wọ kíṣìnì lọ gbé àwo ẹ̀. Mo tẹ̀lé e. Oúnjẹ ẹ̀ ló wà nínú ike ìdọ̀tí, lórí egungun adìẹ. Keiko fọ àwo, ó nù ún, ó lọ dágbére fún Aunty. Ó tẹríba fún un o. Èmi ń wá ibi tí ilẹ̀ máa là sí kó gbé mi mì.

Lọ́sẹ̀ kejì, a ń ká aṣọ, ó ní, "Ṣé fínígà, omi kíkan tí mo pò mọ́ ìrẹsì yẹn, ló pọ̀ jù?"

Mo ní, "Keiko, wọn ò tọ́ ọ wò rárá." Mo rò pé ìyẹn á tù ú nínú. Ojú ẹ̀ fà ro. Ó ní, "Ì bá sàn kí wọ́n tọ́ ọ wò, kó má dùn."

Mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ sílé ẹ̀ ní Suwanee, mo lọ bẹ̀ ẹ́. Kò jẹ irú ẹ̀ rí. Kò bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀. Ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán. Ojú wá tì mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. A ṣọ̀rẹ́ títí tó fi kó lọ bá ọmọ ẹ̀, àmọ́ kò gbé oúnjẹ wọ ilé wa mọ́.

Ayé ti yí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, bí àlejò bá gbé oúnjẹ wá bá yín, ẹ bù ú sẹ́nu. Bí kò bá lọ lọ́fun… ẹ fomi tì í.